Ilé Àgùdà àti Àlejò Ọlọ́jọ́ Mẹ́ta

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ń bá wa kà á láìjẹ́ pé a jọ jókòó ní kíláàsì rí, òjò ni kò jẹ́ kí n kọ nǹkan láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tí òjò bá ti ṣú ní Oríòkè-Ìwàmímọ́ níbí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sá lọ, iná sólà á rẹ̀wẹ̀sì, ká má tíì wá sọ ti òkun tó ń hó yaya bí ẹni tó fẹ́ wọlé wá bá wa jẹun.

Orí fóònù ni ọ̀rọ̀ tòní ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní ìtàn, tó ti ń gbé ní Manchester báyìí, ló pè mí. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà." Ilé ẹbí wọn wà ní Pópó Àgùdà, ní Erékùṣù Èkó. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, Àgùdà kan ló kọ́ ọ, bàbá bàbá rẹ̀ sì rà á lọ́wọ́ àwọn ọmọ onítọ̀hún ní 1938. Ọkùnrin kan ti wá bá wọn pé òun máa tún ilé náà ṣe láti òrùlé dé ìpìlẹ̀ lówó ara òun, ẹbí ò ní san kọ́bọ̀. Yóò sọ ọ́ di shortlet olówó ńlá fún àwọn tó ń ti òkè òkun wá ṣọdún l'Ékòó, yóò lò ó fún ọdún 25, lẹ́yìn náà yóò dá a padà. Ìwé àdéhùn ti délẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní àrólé, ti mú bírò dání. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kan tó jẹ́ obìnrin, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wà nínú yàrá ẹ̀yìn nísàlẹ̀, màmá náà sì ní òun ò lọ síbì kankan.

"Bàbá, ṣé ká fọwọ́ sí i?"

Mi ò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Mo ní kó fi ìwé náà ránṣẹ́, kó fi àwòrán tí ọkùnrin náà yà kún un. Èsì tí mo fún un ni mo wá ń tẹ́ síbí, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni irú rẹ̀ máa bá. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́, kí n ṣáà má dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi wọ̀ mí lára. Orí omi ni wọ́n bí mi sí. Ilé wa, pákó ni, orí òpó ló dúró lé, omi ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ilé àwa Ìlàjẹ kì í pẹ́ láyé. Omi iyọ̀ á jẹ òpó, a ó pààrọ̀ òpó. Pákó á jẹrà, a ó pààrọ̀ pákó. Títí kò fi ní ku ìṣó kan ṣoṣo nínú èyí tí bàbá kọ́kọ́ kàn. Lẹ́yìn ìyẹn, òkun á wá mú ilẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ bi àwọn ará Ayétòrò, ìlú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, bóyá ibi tí wọ́n ń sùn lónìí ni àwọn òbí wọn sùn. Tí mo bá fẹ́ fi ibi tí ìyá mi ti ń yan ẹja han ọmọ mi, omi ni mo máa nawọ́ sí. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ Èkó kan bá sọ fún mi pé ògiri àwọn ti dúró láti ayé Gómìnà Carter, tí àwọn sì ń ronú ohun tí àwọn máa fi ṣe, ìlara ló kọ́kọ́ ń mú mi.

Kí ni shortlet? Ilé ni, kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì. Ó ní pálọ̀, ó ní ilé ìdáná, ó ní bẹ́ẹ̀dì, gbogbo rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Alẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń san owó rẹ̀, àlejò lè sùn ọjọ́ mẹ́ta, ó lè sùn oṣù kan. Ẹ má rò pé nǹkan àtijọ́ ni. Ní 2007, ní San Francisco, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì tí owó ilé ń dà láàmú tẹ́ bẹ́ẹ̀dì afẹ́fẹ́ sí pálọ̀ wọn fún àlejò tó bá lè sanwó. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló di ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ sí Airbnb. Ní Èkó, oṣù December ni ìkórè òwò náà, nígbà tí àwọn ọmọ wa bá dé láti London, Houston àti Toronto tí wọ́n ń ná pọ́n-ùn àti dọ́là. Púpọ̀ nínú wọn kò fẹ́ sùn ní ilé ẹbí tí bàlùwẹ̀ kan ṣoṣo wà fún ènìyàn mẹ́tàdínlógún. Ká má parọ́, èmi náà ò fẹ́ ẹ mọ́.

Irú ilé tí wọ́n bá ní ìtàn lára ló wá ń wu àwọn àlejò yìí jù. Ilé tuntun pọ̀ ní Lekki. Ilé tí fèrèsé rẹ̀ rí bí òṣùpá àbọ̀, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ jẹ́ igi tó ti ń dán láti ọgọ́rùn-ún ọdún, kò pọ̀.

Ẹ rántí ohun tí mo kọ́ yín nípa bí ilé wọ̀nyí ṣe dé. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí dì ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, ní oṣù January 1835, ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gbogbo ọmọ Áfíríkà tó ti gbòmìnira. Ọ̀tẹ̀ àwọn Malê ni wọ́n ń pè é. Ẹ gbọ́ "ìmàle" wa nínú rẹ̀. Wọ́n lé àwọn kan jáde, àwọn mìíràn ra ọkọ̀ fúnra wọn. Wọ́n ń bọ̀ títí lẹ́yìn tí Brazil fi fòpin sí oko ẹrú ní 1888. Àwọn kan sọ̀ sí Àjàṣẹ́ àti Ouidah, àwọn kan sọ̀ sí Èkó, níbi tí wọ́n ti fún wọn ní ilẹ̀ ní ìhà tí a ń pè ní Pópó Àgùdà títí dòní: Campos, Bamgbose, Igbosere, Tokunboh. Ẹ ò rí orúkọ ìkẹyìn yẹn bí? Ẹni tó ti òkun bọ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n kó bọ̀ wá sílé. Bíríkìlà ni wọ́n, káfíńtà ni wọ́n, àwọn tó mọ bí a ṣe ń fi ẹfun àti yanrìn ya òdòdó sára ògiri. João Baptista da Costa ló kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. João Esan da Rocha, ọmọ Iléṣà tí wọ́n kó lẹ́rú ní kékeré, padà dé, ó sì kọ́ ilé sí ojú pópó Kakawa. Ọmọ rẹ̀ Cândido ń ta omi kànga ilé náà fún ará Èkó kí omi ẹ̀rọ tó dé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ilé Omi. Antonio Olinto, ará Brazil, kọ ìwé ìtàn àròsọ kan sórí rẹ̀ ní 1969. Ẹ lọ Àjàṣẹ́, ẹ wo mọ́ṣáláṣí ńlá ibẹ̀: tí ẹnikẹ́ni ò bá sọ fún yín, ẹ máa rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ìlú Bahia ni. Ọwọ́ tó mọ ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ ni wọ́n ní kó wá kọ́ mọ́ṣáláṣí.

Ìhà yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò. Ilé Àgùdà ní làákàyè tirẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan gùn láti ẹnu ọ̀nà iwájú dé ẹ̀yìnkùlé, yàrá wà lọ́tùn-ún lósì, afẹ́fẹ́ ń gba àárín kọjá. Àjà ga. Fèrèsé onígi pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ń dá oòrùn dúró, ó sì ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. Ilé ìdáná àti bàlùwẹ̀ wà lẹ́yìn, kúrò lára ilé ńlá. Ògiri ọ̀pọ̀ nínú wọn, amọ̀ pupa ni, ó nípọn, wọ́n wá fi ẹfun àti yanrìn rẹ́ ẹ. Ògiri amọ̀ ń mí. Òjò á rin ín, oòrùn á fà á gbẹ, ẹfun tó wà lójú rẹ̀ ò ní dí i lọ́nà.

Kí wá ni kọngilá òde òní máa ń kọ́kọ́ ṣe? Yóò fọ́ ẹfun dànù, yóò fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Símẹ́ǹtì le ju amọ̀ lọ, kì í bá amọ̀ wú, kì í bá a sún. Láìpẹ́ yóò sán. Omi òjò á gba ojú ibi tó sán wọlé, kò ní rọ́nà jáde mọ́. Amọ̀ á máa rọ̀ nínú níbi tí ojú ò tó, títí di ọjọ́ tí símẹ́ǹtì máa ṣí bí èèpo, tí ìdajì ògiri á bá a lọ. Tí wọ́n bá tún lọ kó yanrìn etí òkun láìfọ̀ ọ́, iyọ̀ á máa hù lára ògiri bí funfun ara àgbàdo tó bu. Ìyẹn, ẹ má bi ọmọ Ìlàjẹ léèrè bóyá ó mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀rọ amúlétutù ló tẹ̀ lé e. Àlejò tó san owó ńlá kò ní sùn nínú ooru, mo gbà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dí gbogbo ojú afẹ́fẹ́, tí ẹ sọ yàrá di fíríìjì, afẹ́fẹ́ Èkó tó kún fún omi á pàdé ibi tútù náà, yóò sì di omi sára ògiri àti sára igi àjà, bó ṣe ń ṣe lára ìgò mínírà. Dúdú dúdú tó máa ń yọ ní igun yàrá, ibẹ̀ ló ti wá. Lẹ́yìn náà ni bàlùwẹ̀. Nínú àwòrán tí ọkùnrin yìí fi ránṣẹ́, bàlùwẹ̀ mẹ́rin ló wà lókè, lórí àjà onípákó, páìpù sì gba inú ògiri amọ̀ lọ. Táńkì omi wà lórí òrùlé. Ẹ gbà mí láyè kí n ṣe olùkọ́ ìṣirò díẹ̀: lítà omi kan wúwo tó kílò kan. Táńkì lítà 1,000, tọ́ọ̀nù kan ni, lórí igi tí ikán ti ń bá ṣeré láti ayé àwọn bàbá wọn. Ẹni tó mọ iṣẹ́ máa kọ́ ilé kékeré sẹ́yìn, yóò kó bàlùwẹ̀ àti táńkì lọ síbẹ̀, yóò fi afárá kékeré so ó mọ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ ilé náà ṣe rò ó nìyẹn: omi lẹ́yìn, oorun níwájú.

Ó ṣeé ṣe, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò ṣeé ṣe. Ẹ lọ wo Jaekel House nínú ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀búté Mẹ́tta. Ilé ọdún 1898 ni, ó ti ń wó lọ, kí ẹgbẹ́ Legacy 1995 àti Ọ̀jọ̀gbọ́n John Godwin tó tún un ṣe ní 2010. Ẹ wo Freedom Park ní Broad Street, ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn òyìnbó tẹ́lẹ̀. Ara Èkó ń jókòó jẹun níbi tí wọ́n ti ń ti Herbert Macaulay mọ́lé. Nǹkan kan ló wà nínú kéèyàn lo ilé: ilé tí ènìyàn ń wọ̀, tí owó ń wọlé fún, ẹnìkan máa mọ̀ tí òrùlé rẹ̀ bá ń jò. Ilé tí a kàn tì pa nítorí ọ̀wọ̀, ikán ló ń jogún rẹ̀.

Ẹ ò sì gbàgbé Ilojo Bar. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní 1855, ní Tinubu Square gan-an. Ìdílé Olaiya rà á ní 1933. Ní 1956 ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Òfin wà lórí rẹ̀, àkọlé wà lára rẹ̀. Ní ọjọ́ Sunday, 11 September 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Mo wà ní Ìbàdàn lọ́jọ́ náà, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan fi àwòrán ránṣẹ́: ẹrùpẹ̀ pupa, igi fèrèsé, àwọn ènìyàn tó dúró ń wò. Ọgọ́ta ọdún ni kíkéde yẹn fi wà, kò sì gba ilé náà là. Nítorí náà mi ò lè sọ fún ẹbí ọmọ yìí pé kí wọ́n dúró de ìjọba.

Ṣùgbọ́n mo ti sùn nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ rí, nǹkan kan sì ṣẹlẹ̀ tí mi ò gbàgbé. Salvador ni, ní Pelourinho, àárín ìlú àtijọ́ níbi tí àwọn Àgùdà ti wá. Ìpàdé àwọn onímọ̀ ìtàn ló gbé mi lọ. Wọ́n fi mí sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n ti tún ṣe, ògiri rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, fèrèsé rẹ̀ gan-an bí ti Bamgbose Street. Omi gbígbóná wà, aṣọ ibùsùn funfun nini. Láàárọ̀ mo sọ̀ kalẹ̀ lọ ra àkàrà, acarajé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, àkàrà náà ni. Mo sọ fún obìnrin tó ń dín in, nípasẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń túmọ̀ fún wa, pé ibi tí mo ń sùn dára púpọ̀. Ó bi mí pé ilé wo. Mo nawọ́ sí i. Ó wò ó, ó ní yàrá kejì lókè ni wọ́n bí òun sí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rèé. Ìlú àtijọ́ náà ti gbó, àwọn tálákà aláwọ̀ dúdú ló kún inú rẹ̀. Ní 1985, UNESCO kà á mọ́ ogún gbogbo ayé. Láti 1992, ìjọba ìpínlẹ̀ Bahia bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwọn ilé náà ṣe, àdúgbò lẹ́yìn àdúgbò. Wọ́n fún ọ̀pọ̀ ìdílé tó ń gbé ibẹ̀ ní owó díẹ̀ pé kí wọ́n kó jáde. Wọ́n kun àwọn ilé ní ọ̀dà tó ń dán, ṣọ́ọ̀bù wọlé, ilé àlejò wọlé. Ilé àwọn àlùfáà kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1586 di òtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá. Orin wa wà lójú pópó, oúnjẹ wa wà, ère òrìṣà wa wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó ni wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì wá síbi iṣẹ́ láàárọ̀, wọ́n á tún wọ bọ́ọ̀sì padà lálẹ́. Orúkọ àdúgbò náà fúnra rẹ̀, Pelourinho, òpó tí wọ́n ń so ẹrú mọ́ nà ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Kò mọ sí àwọn ìlú aláwọ̀ dúdú nìkan. Ní June 2024, olórí ìlú Barcelona kéde pé kí ọdún 2028 tó parí, ìlú náà kò ní tún ìwé àṣẹ ilé àlejò ọlọ́jọ́ díẹ̀ kankan fọwọ́ sí mọ́. 10,101 ni irú ilé bẹ́ẹ̀ tó ní àṣẹ nígbà náà. Ìdí ni pé ará ìlú ò rí ilé gbé mọ́. Èkó ò tíì dé bẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá ilé l'Ékòó bóyá onílé fẹ́ gba owó ọdún kan lọ́wọ́ wọn nígbà tí àlejò December máa fún un ní iye yẹn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ìwé àdéhùn wá ńkọ́? Ìtàn ni mo kọ́ yín, èmi kì í ṣe lọ́yà, mo sì sọ fún un pé kó gba lọ́yà tirẹ̀, kì í ṣe èyí tí ọkùnrin náà bá mú wá. Ṣùgbọ́n àwọn ẹjọ́ kan wà tí gbogbo ẹni tó bá kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn Èkó gbọ́dọ̀ mọ̀. Èkíní ni Lewis àti Bankole, 1908. Ilé ẹbí olóyè Mabinuori Dawodu ló dá a sílẹ̀, ẹni tó kú tó fi ọmọ méjìlá sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ sọ níbẹ̀ pé tí dáwódù bá ti kú, ọmọ tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ olóògbé tó kù láyé ni olórí ẹbí, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì fún ọmọbìnrin yẹn lórí fóònù. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ra ilé. Nínú gbogbo ọmọ bàbá náà, ẹni mélòó ló kù láyé? Ó dákẹ́. Ó ní, "Méjì, Bàbá. Àǹtí àti àbúrò wọn tó wà ní Abẹ́òkúta." Ta ló dàgbà jù? Àǹtí, màmá inú yàrá ẹ̀yìn.

Tí ẹbí bá jókòó, tí ẹnu wọn kò, wọ́n lè fi ẹlòmíràn ṣe olórí, òfin ò kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò jókòó rí. Wọ́n kàn ń pe ọmọ àkọ́bí ọkùnrin ní àrólé ni, màmá sì di ẹni tó ń gba àyè. Ẹjọ́ kejì ni Ekpendu àti Erika, 1959. Tí àwọn yòókù bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà ò fìdí múlẹ̀ rárá. Tí olórí ẹbí bá tà á láìjẹ́ kí àwọn àgbà ẹbí mọ̀, àwọn àgbà náà lè lọ fagi lé e nílé ẹjọ́. Ẹ má sì tan ara yín pé torí kì í ṣe títà, kò kàn yín: ẹni tó gbé ilé ẹbí fún ẹlòmíràn fún ọdún 25 ti fọwọ́ kan ohun ẹbí. Mo ní kó sọ fún ọkùnrin náà pẹ̀lú. Òun gan-an ló yẹ kó bẹ̀rù jù, torí owó rẹ̀ ló máa rì sínú ilé tí ìwé rẹ̀ ò dúró.

Ẹ̀kẹta, pínpín owó. Bàbá bàbá rẹ̀ ní ìyàwó mẹ́ta. Ṣé ìdí-igi ni wọ́n máa fi pín in, kí ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìdá kan, àbí orí-ò-jorí? Nínú ẹjọ́ Danmole àti Dawodu, tó dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ London ní 1962, ìdí-igi ni wọ́n sọ pé ó jẹ́ àṣà Yorùbá. Orí-ò-jorí wà fún ìgbà tí olórí ẹbí bá rí i pé ìjà ti wà. Kí wọ́n kọ èyí tí wọ́n fẹ́ sínú ìwé báyìí, kí owó kankan tó wọlé. Ìjà orí owó tó ti délẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀.

Nínú ìwé náà, ọkùnrin yìí ní òun máa fún ẹbí ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún èrè. Ó dùn mọ́ etí. Ẹ jẹ́ ká ṣe é wò. Ká ní ó yọ ilé kékeré mẹ́rin jáde, ká ní alẹ́ kan jẹ́ ₦100,000, ká ní àlejò sùn fún 120 alẹ́ lọ́dún. Owó tó wọlé jẹ́ mílíọ̀nù 48. Ìdá mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 4 àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 800. Ṣùgbọ́n "èrè" ló kọ, kì í ṣe "owó tó wọlé". Dísù á jáde nínú rẹ̀, owó òṣìṣẹ́, owó aṣọ́nà, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, owó tó fi tún ilé ṣe tó ní òun ṣì ń yọ padà. Ẹni tó bá mọ ìwé owó kọ lè má jẹ èrè kankan fún ọdún mẹ́wàá, kó sì máa wọ jíìpù tuntun. Kí ó jẹ́ ìdá nínú owó tó wọlé, kí ẹbí sì ní ẹ̀tọ́ láti wo ìwé owó náà. Bí wọ́n bá sì fẹ́ iye kan pàtó lọ́dún, kò gbọ́dọ̀ dúró lójú kan: ní ọdún 2000, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún náírà ni dọ́là kan, lónìí ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ọdún 25 náà nìyẹn.

Ọdún 25 pọ̀ jù. Ní ọdún 25, òrùlé tí ó bá ṣe lónìí ti gbó. Ó máa jẹ adùn ilé, yóò dá eegun padà. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ di 15, kí wọ́n kọ ipò tí ilé gbọ́dọ̀ wà lọ́jọ́ tí yóò dá a padà, kí wọ́n ya àwòrán gbogbo yàrá, gbogbo fèrèsé, gbogbo òdòdó ara ògiri báyìí, kí wọ́n so ó mọ́ ìwé àdéhùn.

Ohun kan ló wà nínú àwòrán náà tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò rí, torí òkè òkun ni ọ̀pọ̀ wọn wà, wọn ò mọ ẹ̀yìnkùlé dáadáa mọ́. Níbi tí ọkùnrin náà kọ "jẹnẹrétọ̀" sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ọwọ́ ọ̀tún, mo bi í pé kí ló wà níbẹ̀ báyìí. Ó pe Àǹtí, ó béèrè. Ojú oórì bàbá bàbá rẹ̀ ni. Símẹ́ǹtì tó bò ó ti tẹ́jú, wọ́n ń sá aṣọ lé e lórí. Mi ò rò pé ọkùnrin náà mọ̀. Ibi tó jìnnà sí yàrá àlejò ló ń wá fún ariwo ẹ̀rọ náà.

Sátidé tó kọjá ni wọ́n ṣe ìpàdé, àwọn ti Èkó nínú pálọ̀, àwọn ti òkè òkun lórí fóònù. Wọ́n gbé àga fún Àǹtí síwájú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Àrólé bínú, ó ní àwọn ọmọ ilé ìwé ń fi ìwé òyìnbó gba ipò lọ́wọ́ òun; mo yé e, ọdún mọ́kànlá lòun nìkan fi ń san owó iná ilé náà, òun ló ń pe káfíńtà, kò sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún 15 ni wọ́n fẹnu kò sí. Ọkùnrin oníṣòwò náà ti gbà láti gbé jẹnẹrétọ̀ kúrò, ó sì ti gbà pé ẹfun lòun máa fi rẹ́ ògiri bí wọ́n bá bá òun wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀rọ̀ ìdá owó tó wọlé ni kò tíì parí, ó ní òun máa rò ó.

Yàrá ẹ̀yìn nísàlẹ̀ kò sí nínú àdéhùn. Tirẹ̀ ni títí ọjọ́ ayé rẹ̀, àti ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé tó ti máa ń se frejon lọ́jọ́ Good Friday, torí ọmọ Àgùdà ni ìyá tó bí i. Wọ́n bi í bóyá ó ní ohun tó fẹ́ fi kún ìwé náà. Ó ní kí àwọn àlejò máa sùn lókè bó ṣe wù wọ́n, òun ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá láàárọ̀ gbọ́dọ̀ kí òun. Lọ́yà bi í pé ṣé kí òun kọ ìyẹn sílẹ̀. Ó ní, "Kọ ọ́."